Ìtàn Ìgbésí Ayé Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny àti Ọ̀rọ̀ Àwa Àlejò Rẹ̀

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, a máa ń yan ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tí ìtàn rẹ̀ kàn wá, kí a lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Baba Houphouët-Boigny ló kàn lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé níbí ti kà nípa rẹ̀ lédè Faransé. Ohun tí ìwé wọn kì í sábà sọ ni bí ayé ọkùnrin náà ṣe so mọ́ tiwa, àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó. Ìyẹn la fẹ́ sọ. Ó ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n a kò ní torí oore pe dúdú ní funfun.

Yamoussoukro ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Baoulé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé. Ọjọ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ ni 18 oṣù kẹwàá ọdún 1905, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ nígbà náà? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí yìí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú. Ọmọ ìdílé olóyè ni. Ní 1915 wọ́n rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Félix. Ó ka ìwé ní Bingerville, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, sí ilé ìwé William Ponty ní Gorée, lẹ́yìn náà sí ilé ìwé ìṣègùn ní Dakar. Ní 1925 ó jáde gẹ́gẹ́ bí dókítà, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní dókítà ọmọ Áfíríkà, tí owó oṣù rẹ̀ kò súnmọ́ ti òyìnbó rárá. Òun náà ti jẹ àlejò rí nìyẹn. Ó ti jẹun lórílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó wá jẹun nínú tirẹ̀.

Wọ́n ń gbé e kiri bí wọ́n ti ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba: Guiglo, Abengourou, Dimbokro, Toumodi. Abengourou ni ó ti fẹ́ ìyàwó ní 1930, Kady Racine Sow ni orúkọ rẹ̀. Bàbá obìnrin yìí jẹ́ oníṣòwò tó wá láti Sẹ̀nẹ̀gà, mùsùlùmí ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Agni láti ìdílé ọba. Kátólíìkì ni Houphouët, nítorí náà ìgbéyàwó náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ àlejò oníṣòwò, irú ọmọ tí àwa náà ń bí sí Adjamé àti Treichville, ni ìyàwó àkọ́kọ́ ẹni tó wá di baba orílẹ̀-èdè yìí. Bàbá àgbà àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí fún un, àtìpó ni. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì pínyà ni ó fẹ́ Marie-Thérèse Brou ní 1952, èyí tí àwọn aráyé mọ̀ jù.

Nígbà tó wà ní Abengourou ló ti rí bí àwọn oníṣòwò òyìnbó ṣe ń rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ lórí owó kòkó. Òun fúnra rẹ̀ ní oko kòkó àti kọfí, ó sì di ọ̀kan lára àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó lówó jù lọ. Ní 1940 wọ́n fi í jẹ olóyè agbègbè Akouè. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ tipátipá wà. Òyìnbó tó ní oko ńlá a bẹ ìjọba, ìjọba a sì lọ kó ọkùnrin láti abúlé wá fún un, fún owó tí kò tó nǹkan. Apá òkè, lọ́dọ̀ àwọn Mossi, ni wọ́n ti ń kó wọn jù. Ní 1932 àwọn Faransé ti fọ́ ilẹ̀ Haute-Volta, tí ó di Burkina Faso ní 1984, sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì so èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ Côte d'Ivoire. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di 1947. Abẹ́ gómìnà kan náà ni ọmọ Mossi àti ọmọ Baoulé wà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé ọmọ Mossi kò ní ìtàn kankan níbí, kò ka ìwé tó.

Àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò rí òṣìṣẹ́ tipátipá gbà, àwọn ará ilé tirẹ̀ pàápàá lè di ẹni tí wọ́n kó lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1944, Houphouët àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí owó tó sàn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1945 wọ́n dìbò yàn án lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ọdún yẹn náà ló fi Boigny kún orúkọ rẹ̀. Àgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Baoulé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1946 wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, èyí tó fi òpin sí iṣẹ́ tipátipá ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi oko òyìnbó sílẹ̀, wọ́n gba ilé lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ti fi tipá kó wá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, pàápàá nígbà tí ojú irin Abidjan dé Ouagadougou ní 1954. Lójú tiwa, òfin yìí ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí ó ṣe láyé rẹ̀, ó ju ilé gogoro Plateau lọ, ó ju ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Yamoussoukro lọ.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀ pọ̀, a ó sáré kọjá lórí rẹ̀. Ní 1946 ó dá ẹgbẹ́ PDCI sílẹ̀, ó sì di olórí ẹgbẹ́ RDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bamako. Ní 1949 àti 1950 àwọn Faransé dojú kọ wọ́n, wọ́n ti èèyàn mọ́lé, wọ́n sì pa àwọn kan. Àwọn obìnrin rìn lọ sí ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam ní oṣù kejìlá 1949 láti béèrè àwọn ọkọ wọn. Ní 1951 ó bá àwọn Faransé làjà, ní 1956 ó di olórí ìlú Abidjan àti mínísítà ní Paris, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1960 ó kéde òmìnira.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1958 tí a kò gbọdọ̀ sáré kọjá. Àwọn ọmọ Dahomey àti Tógò ti tètè kàwé, nítorí náà àwọn Faransé kó wọn wá sí Abidjan láti ṣe akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó dun àwọn ọ̀dọ́ onílé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ya wọ inú ilé àwọn àlejò náà, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kúrò níbí pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n nìkan. Àwa lè sọ pé kì í ṣe tiwa, torí Nàìjíríà la ti wá. Kétu ńkọ́? Sàkété àti Pòbẹ̀ ńkọ́? Inú Dahomey ni wọ́n wà.

Bàbá tó bí àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti dé nígbà náà. Ó ti Èjìgbò wá ní 1957, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gba Dahomey, Tógò àti Gánà kọjá. Ó ń kiri ọjà wẹ́wẹ́ ní Treichville. Ó sọ fún wa pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, inú ilé ni àwọn tì mọ́rí, àwọn kò sọ Yorùbá sókè. Lẹ́yìn náà ó tún gbé igbá ọjà rẹ̀, kò sì ronú àtilọ. Kí ló fà á? Baba Houphouët ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Kì í ṣe bàbá wa nìkan. Houphouët ṣílẹ̀kùn fún àlejò ju olórí ìjọba èyíkéyìí lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó mọ̀ pé igbó pọ̀ ní gúúsù, pé àwọn onílẹ̀ kò tó láti gbin gbogbo rẹ̀. Ní 1963 ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé ẹni tó bá dáko sórí ilẹ̀ ló ni ilẹ̀. Àwọn ará Haute-Volta àti Màlì wọ inú igbó, àwọn Baoulé náà ti àárín gbùngbùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Côte d'Ivoire gba ipò kìíní lọ́wọ́ Gánà nínú kòkó lágbàáyé. Ní ọjà, àwọn Ẹjìgbò wa, àwọn Ìnísà, àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn Ọ̀fà ṣílé ìtajà lẹ́bàá ojú irin àti ní gbogbo ìlú kéékèèké. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ibi tí a ti wá. Nínú ìjọba rẹ̀ pàápàá, Raphaël Saller tí a bí ní Martinique ló ń tọ́jú owó ìlú títí di 1966, Amadou Thiam tí a bí ní Sẹ̀nẹ̀gà sì jẹ mínísítà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1988, nínú èèyàn 100, àlejò jẹ́ 28.

Ẹ tún fi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti lo ogójì ọdún ní Kumasi àti Accra fi ilé, oko àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn yà sọ́dọ̀ wa níbí. Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní 1983. Houphouët kò lé ẹnikẹ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìyanu sì ni, nítorí pé àárín òun àti ìjọba Nàìjíríà kò dán mọ́rán nígbà ogun. Ó dá Biafra mọ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún 1968, ó sì gba Ojukwu sílé láti 1970 títí di 1982. Àwọn bàbá wa ń fetí sí rédíò nínú ìbẹ̀rù ní ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò mọ ẹ̀yìn ta ni kí wọ́n wà. Kò fi ìjà ìjọba jẹ wá níyà. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975, Côte d'Ivoire wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 15 tó fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká sọ apá kejì. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gbà láàyè fún ọgbọ̀n ọdún. Ní 1963 àti 1964 ó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lé lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé kò sí rárá. Ilẹ̀ tí ó sì ní kí ẹni tó bá dáko máa ní, ilẹ̀ baba ẹnìkan ni. Àwọn Bété ní Gagnoa kò gbàgbé èyí. Nígbà tí àwọn kan níbẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ ní 1970, sójà ni ó fi dá wọn lóhùn. Àwa tí a jẹ nínú oore náà kì í fẹ́ rántí pé ẹlòmíràn ló san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù nìyí. Ilẹ̀kùn tí Baba ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi dì í mú. Kò fi òfin gbé e ró. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó sọ ní 1963 kò di òfin tó fìdí múlẹ̀. Ní 1966 ó fẹ́ kí àwọn ará Haute-Volta, Niger àti Dahomey lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì, tiwọn àti Côte d'Ivoire. Ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kì í kọ nǹkan fún un, kọ èyí fún un. Ó fi í sílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ kẹ́sẹ járí, àwa ọmọ Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ àǹfààní kan wà tó bọ́ mọ́ àwọn òbí wa lọ́wọ́. Òfin ọmọ orílẹ̀-èdè tó jáde ní oṣù kejìlá 1961 fún àwọn tó ti ń gbé níbí kí òmìnira tó dé ní ọdún kan láti béèrè láìjẹ́ pé wọ́n dúró pẹ́. Ó tún fún ọmọ tí àlejò bí síbí láyè kí wọ́n lọ kéde rẹ̀. Mélòó ló lọ? Wọn kò pọ̀. Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sí Adjamé ní 1962. Bàbá wa kò kéde rẹ̀. Kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ilé ló ń kọ́ sí Èjìgbò, ó ní ìlú òun lòun ń lọ, kí lòun fẹ́ fi ìwé ìlú onílùú ṣe. Ọ̀pọ̀ bàbá ló rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1972 wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n ti ọ̀nà ìkéde pa, ọmọ tó bá ní òbí kan tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin ń kà mọ́ wọn nítorí ìbí. Ojú Baba náà ni gbogbo èyí ṣe. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó ń béèrè ìwé lójú ọ̀nà, a kò mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà.

A mọ̀ ọ́n nígbà tí owó kòkó já. Baba gbìyànjú láti di kòkó mú ní 1988 kí owó rẹ̀ lè gòkè, kò ṣeé ṣe fún un. Ní 1989 kílò kan tí wọ́n ń san 400 fráǹkì fún àgbẹ̀ lórí rẹ̀ wálẹ̀ dé 200. Ọjà dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kún ìgboro ní 1990, ó sì gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀. Nínú ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún yẹn, àlejò láti ilẹ̀ ECOWAS ṣì dìbò bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn alátakò sì ṣe ìbínú sí i, wọ́n ní àwa la fi í sórí oyè. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣòfin carte de séjour, ìwé ìgbélùú tí àlejò gbọ́dọ̀ rà. Àwa jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, a ti ń dúró ní ìsọ̀ aṣọ. Ìlú tí wọ́n bí wa sí ni a ti lọ tò fún ìwé àlejò. Lójú ọ̀nà, agbófinró kan gba ti ọ̀rẹ́ wa, ó fà á ya lójú rẹ̀, ó ní kó fi ẹ̀rí hàn báyìí pé òun ní in.

Ní oṣù kọkànlá 1993, nígbà tí àìsàn ti dá Baba dùbúlẹ̀, bọ́ọ̀lù tí ASEC gbá pẹ̀lú Asante Kotoko di ìjà, wọ́n sì pa àwọn ará Gánà ní Abidjan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá Baba kú. Wọ́n sin ín ní Yamoussoukro ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 1994. Bàbá wa ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì. Kò tì í bẹ́ẹ̀ nígbà tí àbúrò tirẹ̀ kú.

Ohun tó tẹ̀lé e, ojú gbogbo wa ló ṣe. Lọ́dún 1994 náà òfin ìdìbò yọ àlejò kúrò. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ gan-an gba gbogbo ẹnu. Òfin oṣù kejìlá 1998 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Ìfipágbàjọba dé ní 1999, ogun dé ní 2002. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa padà sílé. Ní 2007 wọ́n fa carte de séjour tu.

Lẹ́yìn náà ni òfin ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2013 dé, tó tún ilẹ̀kùn 1961 ṣí díẹ̀: ẹni tí àlejò bí síbí kí ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1973 tó dé lè kéde ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, ó parí ní oṣù kìíní 2016. Àwa tí wọ́n bí ní 1970 wà nínú rẹ̀. A mú ìwé ọjọ́ ìbí wa lọ, orúkọ bàbá wa tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu. Wọ́n ní kí a lọ tún un ṣe. Ọ́fíìsì kan ní kí a lọ òmíràn, òmíràn ní kí a padà wá lọ́la. Ọjà ń pè wá, a ní a ó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ pé kí a tó rí àtúnṣe gbà. Ẹ̀gbọ́n wa tètè ṣe tirẹ̀, ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ náà. Ilé kan náà ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ní ìwé ńlá kan báyìí lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tó bá bímọ, kó mú ìwé ilé ìwòsàn wá sí ìpàdé. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún òbí láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú láìlọ sí kóòtù. Akọ̀wé yóò wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ bàbá àti ìyá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó bá ìwé ìrìnnà wọn mu, yóò sì bá òbí tó bá fẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ ló ń san owó ọkọ̀.